Àgbá Méjìlá Tí Òkun Gbé Wá

"Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ bi í nìyẹn nígbà tó bá a tó ń di aṣọ sínú báàgì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo àwọn aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tí àbúrò rẹ̀ kò ní mú dání.

"Kò sẹ́ni tó lé mi, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Kí o lè lọ máa ṣe kí ni? Kí o lè lọ máa ṣa ọ̀rá létí òkun?"

"Ọ̀rá, ike, àwọ̀n tó ti gbó. Ẹja ń gbé wọn mì, àwa náà sì ń jẹ ẹja. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣà wọ́n."

"Ẹnì kan náà kò sì lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹlòmíì." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣáà máa pè wá."

Ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí fi ṣe tíṣà. Ó kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀, òkun àti ojú ọjọ́. Ó ti ya erékùṣù sójú pátákó lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan rí. Nígbà tí àjọ kékeré kan, tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í wá èrè, ń wá ẹni tó máa lọ gbé ní erékùṣù kan kó máa bójú tó etí òkun ibẹ̀, ó kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fẹnu nìkan sọ̀rọ̀ nípa ayé tó ń bàjẹ́. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún ibì kan ṣe.

Kò sí ẹ̀tàn nínú àjọ náà. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Èrò rere ló gbé obìnrin náà débẹ̀, èrò rere náà ló sì bí àjálù tí a fẹ́ sọ yìí.

Ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Atukọ̀ ni gbogbo erékùṣù ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ló ń tukọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Tíṣà, ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Díẹ̀díẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè lúwẹ̀ẹ́ rárá. Bí nǹkan bá ṣe wá, ìwọ lo máa gbé mi."

Tíṣà di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń wò ó bóyá àwàdà ni. Nígbà tí ẹ̀rín bú lẹ́nu ọkùnrin náà, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé Atukọ̀ ló wọ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tún àwọ̀n ṣe fún gbogbo àwọn apẹja, Ìyá Aláwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Wọ́n fún Tíṣà ní yàrá kan tó kọjú sí òkun. Láàárọ̀, ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́, á gbé àpò dání, á máa ṣa ìdọ̀tí láti ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí títí dé ibi òkúta. Á wọn ohun tó bá ṣà, á kọ ọ́ sínú ìwé, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó wà ní òdìkejì omi.

Ìyà omi ló ń jẹ wọ́n níbẹ̀. Kànga kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti di oníyọ̀. Omi òjò tó ń ṣàn láti orí páànù ni wọ́n ń mu, garawa àti ìkòkò tí wọ́n sì fi ń gbè é kò tó nǹkan. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n wọn. Tíṣà rí i pé omi tí Ìyá Aláwọ̀n bá fi fọ àwo ló ń fi fọ aṣọ, òun náà ló ń fi nu ilẹ̀. Ó dùn ún. Ó ń ronú ohun tó lè ṣe.

Oṣù kẹta tó débẹ̀ ni ìjì kan jà fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó rọlẹ̀, tí Tíṣà jáde lọ sétí òkun, ó bá àgbá oníke méjìlá lórí yanrìn. Búlúù ni gbogbo wọn, wọ́n ga tó àyà ènìyàn, kò sí èyí tó fọ́, ìdérí wọn le dan-in dan-in. Ó dà bí ẹni pé òkun mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ó ṣí ọ̀kan. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ àfi òórùn kan tó ta á nímú. Omi iyọ̀ ti bó ìwé tó wà lára wọn. Ara ẹyọ kan nìkan ni igun ìwé pupa kan ṣẹ́ kù sí, tó ní ìlà funfun méjì tó dábùú ara wọn, apá òkè rẹ̀ ti ya lọ. Tíṣà wò ó, ó rò pé àmì ilé iṣẹ́ kan ni. Ó bu yanrìn, ó fi bó o kúrò kí ara àgbá náà lè mọ́.

Ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe àgbá omi fún àwọn ará ibí," ló kọ sí i.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "O káre! Ìdí tá a fi rán ọ lọ gan-an nìyẹn. Ohun tá a bá lè tún lò, a kì í sọ ọ́ nù."

Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ló ti wà nínú àwọn àgbá náà.

Atukọ̀ fi ayùn gé orí wọn. Tíṣà àti àwọn obìnrin àdúgbò fi ọṣẹ, yanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sá wọn sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí òórùn náà lọ sílẹ̀, wọ́n pín wọn fún ilé méjìlá tí èrò pọ̀ sí jù. Ilé Atukọ̀ wà lára wọn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, gbogbo àgbá kún dẹ́nu. Àwọn ènìyàn ń jó nínú òjò. Ìyá Aláwọ̀n tí kì í sọ̀rọ̀ di ọwọ́ Tíṣà mú, ó ní, "Ọlọ́run ló rán ọ wá." Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára ju owó oṣù ọdún mẹ́rìnlá lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn. Kì í ṣe orí fífọ́ tó ń dá ni dùbúlẹ̀. Ó máa ń wá, á sì lọ. Inú á ru díẹ̀, ojú á ṣe bàìbàì, ara á rọ. Orí ń fọ́ Tíṣà náà, ṣùgbọ́n ó lérò pé oòrùn etí òkun ni. Adìyẹ Ìyá Aláwọ̀n mẹ́ta kú láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ní àrùn adìyẹ ni.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní erékùṣù náà, obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní òdìkejì omi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń pín àgbá. Nígbà tó dé, ó pàdé Tíṣà lójú ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹni mẹ́fà ti wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Kí lẹ̀ ń jẹ tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tuntun, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Oòrùn ló ń mú púpọ̀."

"Omi ńkọ́?"

"Omi òjò náà ni. A tiẹ̀ ti ní ibi tá à ń gbè é sí dáadáa báyìí."

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni Tíṣà máa ń rántí ọjọ́ yẹn. Ká ní ó sọ fún un pé àgbá tó gúnlẹ̀ létí òkun ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú níbẹ̀.

Òjò dá. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, márùn-ún. Omi inú àgbá ń fà lójoojúmọ́, títí tó fi ku ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Atukọ̀ fẹ́ lọ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó da àgbá náà dẹ̀gbẹ́, ó fi ife bu omi tó kù nísàlẹ̀, ó mu ún, ó tún bu ife kejì. Ó pọ́n ètè lá.

"Omi yìí mà ti ń korò. Ó fẹ́ di ọtí mọ́ wa lọ́wọ́."

"Fi í sílẹ̀, màá lọ tọrọ omi nílé kejì," Ìyá Aláwọ̀n sọ.

"Má ṣe wàhálà. Mo ti mu ún ná."

Ó nu ẹnu, ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Oòrùn kò tíì kàn àtàrí nígbà tí ariwo ta létí òkun. Nígbà tí Tíṣà fi máa sáré débẹ̀, Atukọ̀ ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde látinú omi. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ẹran apá àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń fò pì-pì-pì. Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà.

Àwọn ènìyàn pé bò ó. Ẹnì kan ní kí wọ́n wá epo dà sí i lẹ́nu. Ẹnì kan ti ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Òmíràn ń pariwo pé àwọn ọ̀tá ló ṣe é.

"Ẹ yọwọ́ lẹ́nu rẹ̀!" Ohùn Nọ́ọ̀sì nìyẹn, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. "Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa fa itọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn lọ́rùn rẹ̀."

Ó ṣí ìpéǹpéjú Atukọ̀. Dúdú ojú rẹ̀ ti sún kì, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

"Kí ló mu?"

"Omi ni," Ìyá Aláwọ̀n dáhùn. "Omi nìkan ló mu láàárọ̀ yìí."

"Omi ibo?"

"Ti inú àgbá."

"Àgbá wo?"

Díẹ̀díẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn yí sọ́dọ̀ Tíṣà.

Abẹ́rẹ́ tó lè kápá irú májèlé bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò ju ìgò mẹ́rin lọ. Ó gún un tán pátá. Wọ́n gbé Atukọ̀ sínú ọkọ̀ apẹja kan pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù òdìkejì omi, ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀. Orí rẹ̀ wà lórí itan ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tíṣà jókòó níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu òógùn tí kò tán. Òkun tẹ́jú pẹrẹsẹ lọ́jọ́ náà, kò sí ìgbì rárá. Nígbà tí wọ́n ti ń rí ilé òdìkejì omi lọ́ọ̀ọ́kán, àyà ọkùnrin náà gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, kò gbé mọ́.

Ìyá Aláwọ̀n kò ké. Ó ń fọwọ́ nu itọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ọsibítù, Nọ́ọ̀sì jókòó ti Tíṣà.

"Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Má fi ohunkóhun pamọ́."

Tíṣà sọ ọ́. Ó sọ bí àwọn àgbá náà ṣe gúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe fọ̀ wọ́n, ó sọ nípa òórùn náà. Nígbà tó dé orí ìwé pupa tó bó, ó sọ bí ìlà ara rẹ̀ ṣe rí.

"Ìlà funfun méjì tó dábùú ara wọn," Nọ́ọ̀sì tún un sọ jẹ́jẹ́. "Egungun ni. Agbárí òkú ló wà lórí wọn kó tó ya. Àmì pé ohun inú rẹ̀ ń pa ènìyàn nìyẹn. Oògùn kòkòrò oko tí wọn ò tíì fi omi là ni wọ́n máa ń kó sínú irú àgbá bẹ́ẹ̀. Bóyá ọkọ̀ òkun kan ló dà wọ́n nù sínú ìjì, bóyá ẹnì kan ló jù wọ́n nù. A ò lè mọ̀."

"Ṣùgbọ́n a fọ̀ wọ́n, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ, omi gbígbóná…"

"Bó o fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, ohun kan náà ni. Ike máa ń fa oògùn náà mu sára. Èyí tó fà mu á máa tú sínú omi díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń fọ́ yín lórí láti ọjọ́ yìí. Èyí tó ki jù á fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àgbá, ibi tí kànrìnkàn kò lè dé. Nígbà tí omi pọ̀, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó ku omi ìsàlẹ̀ ni Atukọ̀ da àgbá dẹ̀gbẹ́, tó bu èyí tó burú jù mu."

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nọ́ọ̀sì kò gbá a mọ́ra, kò sì bú u.

"Àgbá mọ́kànlá ló kù," ló sọ. "Omi ìsàlẹ̀ náà ni gbogbo ilé ń mu báyìí. Mo ti ní kí ẹni tó gbé wa wá tètè padà lọ sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́. Ṣé wàá lè dìde?"

Kí Tíṣà tó wọ ọkọ̀ mìíràn padà sí erékùṣù, ó pe Ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Gbọ́ mi," ni Ọ̀gá sọ. "Má tíì sọ ohunkóhun fún wọn. Kó àwọn àgbá náà jọ ní jẹ́jẹ́. Sọ pé a fẹ́ fi tuntun rọ́pò wọn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, àjọ yìí tú nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ rere tá à ń ṣe á wọmi."

"Ọ̀gá, ènìyàn ti kú."

"Mo mọ̀. Kò sí ohun tá a lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Àwa tó kù là ń sọ."

Nínú ọkọ̀, Tíṣà ń rò ó. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ń bà á. Kì bá wù ú kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọwọ́ òun ló bó àmì ikú kúrò lára àgbá. Ṣùgbọ́n ó mọ ìyà omi àwọn ènìyàn náà. Bó bá sọ fún wọn pé òun fẹ́ gba àgbá láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn kan á rò pé òun ò ní mú òmíràn wá. Wọ́n á gbé tiwọn pamọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé májèlé ni kò ní sọ ọ́ nù.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè. Gbogbo erékùṣù ti pé sábẹ́ páànù tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Tíṣà dúró níwájú wọn.

"Atukọ̀ kò mí mọ́," ló sọ. "Kì í ṣe ọ̀tá ló pa á. Omi inú àgbá tí mo pín fún yín ni. Oògùn kòkòrò ló ti wà nínú wọn rí. Ìwé tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa wà lára ọ̀kan nínú wọn. Èmi ni mo fi yanrìn bó o kúrò. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu nínú omi yẹn mọ́. Ẹ má fi se nǹkan, ẹ má fi wẹ ọmọ."

Ariwo sọ. Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin apẹja kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin olówò òkun mímọ́! Ṣé ẹ wá fi wá dán nǹkan wò ni?" Àwọn kan ń dì í mú kó má bàa gbá a létí.

Ìyá àgbà kan, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ló fi ọwọ́ lérí.

"Mo gbé o! Àgbá tèmi kò sí nílé. Mo ti fún ọmọ mi tó wà lẹ́yìn òkúta. Ó ní òun fẹ́ máa fi kó ọkà sí. Oyún sì wà nínú rẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà pẹ̀lú ọkùnrin méjì sáré lọ. Wọ́n bá aboyún náà nílẹ̀ yàrá. Ó ti ń bì láti àná, ó rò pé oyún ló ń ṣe é. Inú ọkà àgbá yẹn ló ti ń bù jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ọkà díẹ̀ dání sínú ọ̀rá tó dí dáadáa, kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ. Obìnrin náà yè é. Oyún náà kò dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìnkú Atukọ̀ tán, Ìyá Aláwọ̀n pe Tíṣà sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbá náà ṣì wà níbẹ̀ ní dídà dẹ̀gbẹ́. Ó na ọ̀pá irin kan sí i.

"Nọ́ọ̀sì ní ká lu ihò sí gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó mọ́. Wọ ìbọ̀wọ́ rẹ. Ìwọ ni wàá lu tèmi, ó sì gbọ́dọ̀ ṣojú mi."

Tíṣà wọ ìbọ̀wọ́, ó lù ú. Ike náà le. Ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó nínú ìbọ̀wọ́, títí ihò mẹ́fà fi wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀.

"Mámà, màá kó ẹrù mi kúrò lónìí."

"Kó lọ síbo?" Ìyá Aláwọ̀n wò ó, ojú rẹ̀ gbẹ. "Bó o bá lọ, ta ni màá máa rí tí màá máa bínú sí? Jókòó síbẹ̀."

Ó yí padà, ó wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká wá kó àwọn àgbá náà lọ, pẹ̀lú aṣọ ìdáàbòbò lọ́rùn wọn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ náà ń pa ènìyàn. Àjọ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é pé kó máa bọ̀ nílé. Kò lọ. Òun àti Nọ́ọ̀sì ló ń wọkọ̀ káàkiri àwọn erékùṣù tó wà nítòsí báyìí. Bí wọ́n bá dé ibì kan, á dìde, á sọ ohun tí òun ṣe, kó tó sọ ohun tó yẹ kí àwọn ènìyàn ṣe. Ìyá Aláwọ̀n ń dáhùn bó bá kí i láàárọ̀. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe etí òkun nìkan ni irú àgbá yìí ti ń wá. Ó ń wá láti oko, láti ilé iṣẹ́, láti ibi tí wọ́n ti ń ta ike àlòkù. Ike kékeré tí wọ́n fi ta oògùn eku tàbí oògùn ẹ̀fọn náà kò yàtọ̀. Ohun tó bá ti gba májèlé rí, ẹ má fi gba omi, ẹ má fi kó oúnjẹ, ẹ má fi fún ẹran ọ̀sìn lómi. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́, oòrùn kò lè sá a mọ́, bí kò bá sì rùn mọ́, ìyẹn ò ní kó má pani. Ẹ máa wo ara ike dáadáa. Bí ẹ bá rí agbárí òkú, egungun tó dábùú ara wọn, tàbí àmì pupa tí kò yé yín, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ti àyíká. Ẹ má bó àmì náà.

Bí orí bá ń fọ́ èrò ilé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí adìyẹ tàbí ajá sì ń kú, ẹ yẹ omi yín wò. Bí ẹnì kan bá ń làágùn, tó ń da itọ́, tí ẹran ara rẹ̀ ń fò, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí májèlé bá ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ara rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ ya fọ́tò àgbá náà dání.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ àánú, tí ẹ kó lọ sáàárín àwọn ẹlòmíì láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó pín ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má mu ohun tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí.